Ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn rọpárọsẹ̀: sùúrù wo la ń wí gan-an?

Àkànní_Òkè_Àdó
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Bàbá wa ni, ẹni ọdún 68 ni wọ́n. Rọpárọsẹ̀ mú apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀rọ̀ ò sì jáde lẹ́nu wọn mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé, ilé ìwòsàn ti ní kí wọ́n máa bọ̀ nílé. Wọ́n ń gbọ́ ohun tá a bá sọ, àmọ́ "bẹ́ẹ̀ni" nìkan ló ń jáde, kódà nígbà tó bá hàn pé rárá ni wọ́n fẹ́ wí. Ẹsẹ̀ ti ń mira díẹ̀, ọwọ́ ò tíì mira rárá. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ní ká fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sinmi, pé sùúrù ni baba ìwà. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ní ká pe ẹni tó ń fi omi gbígbóná àti agbo wọ́ni lára, pé físíò (ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara tó rọ) tó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ò kúnjú òṣùwọ̀n. Kí ló yẹ ká máa ṣe láti òwúrọ̀ dalẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àdúrà nìkan dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ fi kún un.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́
Ẹ kú ìtọ́jú. Ọlọ́run á fún bàbá ní àlàáfíà. (Àdúrà tẹ́ ẹ ní ká fi kún un nìyẹn.)

Ọ̀rọ̀ "ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sinmi" ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú. Ara tí kò lè yíra padà, ìdùbúlẹ̀ kì í ṣe ìsinmi fún un. Egungun ń tẹ ẹran ara mọ́ fóòmù, ẹ̀jẹ̀ ò ráàyè gba ibẹ̀ kọjá, ẹran ibẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti inú wá síta. Ìgbà tẹ́ ẹ máa fi rí egbò lójú ara, abẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́. Nítorí náà, wákàtí méjì-méjì ni kẹ́ ẹ máa yí wọn padà, tọ̀sán-tòru, títí wọ́n á fi lè máa yíra fúnra wọn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì: aago 6 ẹ̀gbẹ́ òsì, aago 8 ẹ̀yìn, aago 10 ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Kí ẹni tó bá yí wọn fọwọ́ sí i. Bí kò bá sí ìwé yẹn, olúkúlùkù nínú ilé á rò pé ẹlòmíì ti ṣe é.

Ẹ̀gbẹ́ tí mo wí yìí, kì í ṣe kí egungun ìbàdí wọn fìdí kalẹ̀ sórí fóòmù. Ẹ ki ìrọ̀rí sẹ́yìn wọn kí wọ́n kàn fì, bí ìwọ̀n 30 dìgírì. Ìrọ̀rí kan láàrin orúnkún méjèèjì, òmíràn lábẹ́ ẹ̀yìn ojúgun kí gìgísẹ̀ má kan nǹkan kan. Ẹ má fà wọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìró tẹ́ ẹ ṣẹ́ sí méjì ni kẹ́ ẹ tẹ́ sábẹ́ wọn láti èjìká dé ìbàdí, kí ẹni méjì dì í mú lọ́tùn-ún lósì, kẹ́ ẹ gbé wọn.

Bẹ́ ẹ bá ń wẹ̀ wọ́n láàárọ̀, ẹ wo ìdí, ìbàdí, gìgísẹ̀, kókósẹ̀, ìgúnpá, ìpàkọ́. Ara dúdú kì í pọ́n bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ohun tẹ́ ẹ ń wá ni ibi tó dúdú ju ìyókù lọ, tó gbóná sí i, tó le gbagidi tàbí tó rọ̀ jù. Bẹ́ ẹ bá rí i, wọn ò gbọ́dọ̀ fi ibẹ̀ sùn mọ́ títí yóò fi padà sípò. Ẹ má wọ́ ọ, ẹ má fi spirit sí i, ẹ má da pọ́dà sí i. Mo sì bẹ̀ yín nítorí Ọlọ́run, ẹ má ká aṣọ bí òṣùká sábẹ́ ìdí wọn. Ó dà bíi pé ó ń ran ni lọ́wọ́, àmọ́ etí òṣùká yẹn gan-an ló ń dínà ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí àárín.

Físíò_Mọ́kọ́lá
Mo gbè nọ́ọ̀sì lẹ́yìn. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí èjìká ọ̀tún yẹn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Iṣan tó di egungun apá mú sínú ihò rẹ̀ ti rọ. Apá wúwo, ó ń fa ara rẹ̀ wálẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fọwọ́ tẹ ibi tí èjìká parí sí, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ bá àlàfo tí ìka kan lè wọ̀. Irú èjìká bẹ́ẹ̀, bí ènìyàn bá fa ọwọ́ náà láti gbé bàbá dìde, tàbí tó ti abẹ́ abíyá gbé wọn, ó máa ya nǹkan nínú ibẹ̀. Ìrora èjìká yìí ló sì sábà máa ń jẹ́ kí aláìsàn kọ eré ìdárayá nígbà tó yá. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òwe yẹn bá ọ̀rọ̀ èjìká mu gan-an. Bí wọ́n bá jókòó, kí ọwọ́ náà wà lórí ìrọ̀rí tàbí lórí tábìlì nígbà gbogbo, kó má rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Bí wọ́n bá fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn, ẹ fi ọwọ́ ki ẹ̀yìn èjìká, kẹ́ ẹ fa eegun palaba tó wà níbẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ara má fi orí èjìká gan-an tẹ̀ ẹ́.

Ní ti eré ìdárayá: ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, ìṣẹ́jú 20 sí 30, ó sàn ju wákàtí kan ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lọ. Ọpọlọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fara gbọgbẹ́ tètè ń rẹ̀.

Ọwọ́ tí kò mira, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bá wọn gbé e. Oríkèé kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa ka ení dé àrún kẹ́ ẹ tó dé òpin rẹ̀. Ẹ má gbé apá kọjá ibi tó bá èjìká dọ́gba láìjẹ́ pé físíò ti fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn yín. Bí ìka bá ká gírígírí, ẹ má fi ipá ṣí i. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ọrùn ọwọ́ wálẹ̀ síhà inú. Bó bá ti tẹ̀, ìka á dẹ̀ fúnra rẹ̀, ìgbà náà ni kẹ́ ẹ wá nà án.

Dídìde látorí àga ni eré tó ń ṣiṣẹ́ jù fún ẹsẹ̀. Àga tí kò lè yọ̀, gíga rẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 45. Kí wọ́n fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn díẹ̀, kí gìgísẹ̀ wà lẹ́yìn orúnkún. Kí wọ́n tẹ̀ síwájú títí imú á fi kọjá ìka ẹsẹ̀. Ẹ fi orúnkún yín ti orúnkún ọ̀tún wọn kó má baà yẹ̀. Lẹ́yìn náà kí wọ́n dìde. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún, kí wọ́n sinmi, ẹ̀ẹ̀márùn-ún, ìsinmi, ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Èyí tó máa ń bàjẹ́ níbẹ̀ ni pé àwa tá a dúró tì wọ́n ò ní jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ síwájú tó, ẹ̀rù ń bà wá pé wọ́n á ṣubú, la bá ń fà wọ́n lókè. Ẹni tí kò tẹ̀ síwájú ò lè dìde, bó ti wù kẹ́ ẹ fà á tó.

Ìdí tá a fi ń tún un ṣe léraléra nìyí: ibi tó kú nínú ọpọlọ ò ní jí mọ́. Àdúgbò rẹ̀ ló ń kọ́ iṣẹ́ tuntun, bí ọ̀nà ẹsẹ̀ ṣe ń là nínú igbó. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, koríko á bò ó. Bíbọ̀ sípò ara máa ń yá jù láàrin oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, á dẹwọ́ bí oṣù mẹ́fà bá ń súnmọ́, àmọ́ kò dúró síbẹ̀. Ẹsẹ̀ sábà máa ń ṣáájú ọwọ́, ìka ló ń kẹ́yìn. Mi ò ní tan yín jẹ: bí ìka kankan ò bá mira títí di ìsinsìnyí, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ yẹn má padà sípò tán. Ẹ máa ṣe tọ̀tún, kẹ́ ẹ sì máa kọ́ òsì níṣẹ́ papọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tí físíò ń wá, kíkọ́ yín ló wá kọ́. Ọjọ́ márùn-ún yòókù, tiyín ni.

Ọmọ_Ìyá_Aláṣẹ
Ẹ rọra o, ẹ̀yin oníwèé. Kí òyìnbó tó dé la ti ń wo rọpárọsẹ̀. Òróró àti omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ kì í pa ènìyàn. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ò jẹ̀bi. Ṣé kí wọ́n máa wo bàbá níran ni?

Físíò_Mọ́kọ́lá
Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n máa wo bàbá níran, ẹ̀gbọ́n. Wíwọ́ra pẹ̀lú òróró, bí ọwọ́ bá fúyẹ́, dára, ara á dẹ̀, bàbá á sì mọ̀ pé wọn ò tíì pa ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún òun tì. Nǹkan mẹ́ta ni mo ń sá fún. Èkíní, ẹ̀gbẹ́ tó rọ kì í sábà mọ iná. Omi tí bàbá ò kígbe sí lè bó wọn láwọ; ọwọ́ òsì wọn tàbí ìgúnpá ẹni tó ń wẹ̀ wọ́n ni kẹ́ ẹ fi dán an wò. Èkejì, fífà àti lílọ́ oríkèé "kó lè gbọ́ra": mo ti sọ ti èjìká. Ẹ̀kẹta ni agbo mímu àti gbẹ́rẹ́. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, gbẹ́rẹ́ lè máa ṣẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ láìdá. Àwọn ewé kan sì ń bá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru jà tàbí kí wọ́n jọ ti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ jù. Ẹni tó bá fẹ́ fún wọn ní agbo, kó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún dókítà. Bí ó bá kọ̀ láti sọ, ẹ má fún wọn mu.

Ọmọ_Ìyá_Aláṣẹ
Ìyẹn yé mi. Ti omi gbígbóná, mo gbà.

Àkànní_Òkè_Àdó
Mo ti lẹ ìwé mọ́ ògiri. Ó ku oúnjẹ. Gààrí tútù ni wọ́n fẹ́ràn jù láyé wọn, wọ́n sì ń jẹ ẹ́. Àmọ́ wọ́n máa ń wúkọ́ bí wọ́n bá ń jẹ ẹ́. Ṣé ó burú?

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́
Ó burú. Ẹ dá a dúró lónìí.

Rọpárọsẹ̀ máa ń mú ọ̀nà ọ̀fun náà. Ìlẹ̀kùn tó ń pa ọ̀nà èémí dé kì í tètè pa á dé mọ́, oúnjẹ á sì máa yọ́ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Bẹ́ẹ̀ ni òtútù àyà ṣe ń mú wọn. Omi ló ń tètè yọ́ wọlé jù, torí ó ń sáré ju ọ̀fun tó ń falẹ̀ lọ. Gààrí tútù tún wá burú ju omi lásán: omi lọ́tọ̀, hóró lọ́tọ̀, ẹ̀pà tún wà nínú rẹ̀. Bí ẹnu bá ń jẹ hóró lọ́wọ́, omi ti wọ ọ̀fun kí ọ̀fun tó múra. Ọbẹ̀ olómi tó ní ẹran wẹ́wẹ́ nínú ń ṣe bákan náà, ìrẹsì tó fọ́nká sì ń rìn káàkiri ẹnu.

Ẹ ní kí ilé ìwòsàn yẹ bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan mì wò ná. Bí wọ́n bá gbà pé kí wọ́n máa fẹnu jẹun, nǹkan tó bára dọ́gba ni kẹ́ ẹ fún wọn: ẹ̀kọ gbígbóná tó ki, mọ́ínmọ́ín tí kò ní egungun ẹja, ẹ̀wà tẹ́ ẹ gún kúná, àmàlà tó rọ̀ pẹ̀lú ewédú tí kò ṣàn jù. Bí ẹ̀kọ yóò ṣe ki tó, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn níbẹ̀; ó yàtọ̀ láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíì.

Bẹ́ ẹ ó ṣe bọ́ wọn: kí wọ́n jókòó gan-an, kí ẹ̀yìn fara ti nǹkan. Kí ẹ̀yin náà jókòó, kí ojú yín má ga ju tiwọn lọ, torí bí wọ́n bá gbé orí sókè láti wò yín, ọ̀nà èémí ń ṣí sílẹ̀ ni. Ṣíbí tíì, ìlàjì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó le. Ẹ wo gògóńgò wọn kó lọ sókè kó sọ̀ kẹ́ ẹ tó bù sí i. Lẹ́yìn ṣíbí mẹ́ta-mẹ́rin, ẹ ní kí wọ́n ṣe "áà". Bí ohùn bá ń dún bí ẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀, ẹ dúró. Bí wọ́n bá jẹun tán, ẹ wo inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, oúnjẹ máa ń fara pamọ́ síbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Kí wọ́n má dùbúlẹ̀ títí ìṣẹ́jú 30 á fi kọjá. Ẹ fọ eyín àti ahọ́n wọn láàárọ̀ àti lálẹ́, torí kòkòrò inú ẹnu ló ń bá itọ́ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró.

Oúnjẹ kan lè gbà tó ìṣẹ́jú 40. Ẹni tó ń kánjú lọ síbi iṣẹ́ kọ́ ló yẹ kó bọ́ wọn láàárọ̀. Àwọn mìíràn wà tí kì í wúkọ́ rárá tí oúnjẹ sì ń wọlé síbẹ̀. Bí ara bá gbóná tàbí tí èémí ń yára lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Apòògùn_Ṣàgámù
Kò tíì sẹ́ni tó béèrè oògùn, bẹ́ẹ̀ òun ló ń dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀ ìkejì. Ẹ bi ilé ìwòsàn léèrè: ṣé ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú ọpọlọ ni, àbí iṣan ẹ̀jẹ̀ ló bẹ́? Scan orí ló ń fi hàn, ojú ò lè mọ̀ ọ́n. Aspirin wà fún èyí tó dì. Bó bá jẹ́ èyí tó bẹ́, ẹ má fún wọn ní aspirin àyàfi bí dókítà bá fọwọ́ sí i. Aládùúgbò tó bá ní "aspirin ni wọ́n ń lò fún rọpárọsẹ̀", ìdajì ọ̀rọ̀ ló mọ̀.

Ìfúnpá: apá òsì tó le ni kẹ́ ẹ máa wọ̀n. Kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀yìn fara ti àga, ẹsẹ̀ kanlẹ̀, apá lórí tábìlì tó bá àyà dọ́gba, kí ẹnikẹ́ni má bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàrin. Láàárọ̀ kí wọ́n tó lo oògùn, àti lálẹ́. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí kan èyí tí kò dára. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, kó má ju 130/80 lọ ni dókítà ń lé, àmọ́ ẹ gba ti bàbá yín lẹ́nu dókítà wọn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù: ìfúnpá ti dára, ẹ wá dá oògùn dúró. Oògùn ló jẹ́ kó dára. Èkejì ni kí wọ́n máa ṣẹ́ oògùn sí méjì kó lè pẹ́ títí owó á fi wọlé. Bówó bá há, ẹ sọ ọ́ jáde, oògùn tó dínwó wà tó ń ṣiṣẹ́ bákan náà. Ojú lè tì yín, kò ní pa yín.

Iyọ̀ tó wà nínú gbogbo oúnjẹ ọjọ́ kan kò gbọ́dọ̀ tó gíráàmù 5, ìyẹn ṣíbí tíì kan tí kò kún bo etí, kẹ́ ẹ sì ka ti inú máàgí mọ́ ọn. Ìwádìí SIREN tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2018, fi ẹ̀jẹ̀ ríru sípò kìíní nínú ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Àìkì í jẹ ẹ̀fọ́ tó wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni fífi iyọ̀ kún oúnjẹ lórí tábìlì.

Bí ojú bá tún wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá mìíràn rọ, tàbí tí "bẹ́ẹ̀ni" pàápàá dákẹ́ lójijì, ẹ má fọwọ́ wọ́ ọ, ẹ má pe àlùfáà ná. Ilé ìwòsàn ni. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì kì í sábà ṣeé fún ènìyàn mọ́ bí wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ bá ti kọjá, wọ́n sì máa bi yín ní aago tẹ́ ẹ rí wọn gbẹ̀yìn tí ara wọn wà bó ṣe wà. Ẹ mọ aago yẹn.

Àbúrò_Peckham
Ẹ jẹ́ kí n bá àwa tá a wà lókè òkun wí díẹ̀. Ìbéèrè "ṣé wọ́n ti ń rìn?" lójoojúmọ́ lórí WhatsApp ń ba ọkàn ẹni tó wà nílé jẹ́. Ìlọsíwájú rọpárọsẹ̀ kì í hàn lójoojúmọ́. Ẹ béèrè ohun tó ṣeé kà: ẹ̀ẹ̀mélòó ni wọ́n dìde lánàá? Ìfúnpá àárọ̀ ńkọ́? Awọ ìdí dára?

Yíyí wákàtí méjì-méjì lóru ò ṣeé dá ṣe fún ẹnìkan. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta nílé, ẹ pín in: ẹnìkan aago 10 alẹ́ sí 2 òru, ẹnìkejì aago 2 sí 6, kí ẹ̀kẹta sùn pátápátá lóru ọjọ́ yẹn, kẹ́ ẹ máa yí i po. Bẹ́ ẹ ò bá tó mẹ́ta, owó tó yẹ kó lọ síbi aṣọ ẹbí ọdún yìí, ẹ fi gba ẹni tí yóò máa sùn tì wọ́n. Ẹ̀gbọ́n tó ní ká mú sùúrù yẹn, ẹ fún un ní aago 2 sí 6.

Bẹ́ ẹ bá pe bàbá lórí fídíò, kì í ṣe gbogbo ẹbí lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo ń dà wọ́n láàmú. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹnìkan, kẹ́ ẹ má pariwo bí ẹni tó ń bá adití sọ̀rọ̀. Etí wọn ò ṣe nǹkan kan.

Àkànní_Òkè_Àdó
Ẹ̀gbọ́n ti gba aago 2 sí 6, a rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà: bàbá kàn máa ń bú sẹ́kún nígbà míì láìnídìí, ìgbà míì sì rèé, ẹ̀rín nígbà tí kò sóhun tó pani lẹ́rìn-ín. Àwọn kan ní ayé ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ sísọ ńkọ́, ibo la ó ti bẹ̀rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́
Ẹkún àti ẹ̀rín tó kàn ń ṣàdédé já jáde, rọpárọsẹ̀ ló fà á. Ìjánu tí ọpọlọ fi ń kó ẹkún àti ẹ̀rín níjàánu ló já. Ẹ má béèrè "kí ló dé?" lọ́wọ́ wọn. Ẹ yí ọ̀rọ̀ padà, ẹ fún wọn ní nǹkan dì mú, á kọjá láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìbànújẹ́ gidi yàtọ̀ sí ìyẹn: kí wọ́n kọ oúnjẹ, kí wọ́n má sùn, kí wọ́n kọjú sógiri nígbà tí físíò bá dé, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹnìkan nínú mẹ́ta ló ń bá a pàdé lẹ́yìn rọpárọsẹ̀. Oògùn wà fún un. Ẹ sọ fún dókítà.

Olùkọ́_Ọ̀rọ̀
"Bẹ́ẹ̀ni" yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Òun nìkan ló rọrùn fún ẹnu, ìyẹn ò ní kó jẹ́ ohun tó wà lọ́kàn. Ẹ dán an wò pẹ̀lú ìbéèrè tẹ́ ẹ mọ ìdáhùn rẹ̀. Bí orúkọ wọn bá jẹ́ Àlàbí: "Ṣé Àlàbí ni yín?" Lẹ́yìn náà, "Ṣé Àjàó ni yín?" Bó bá jẹ́ "bẹ́ẹ̀ni" fún méjèèjì, ẹ má fi "bẹ́ẹ̀ni" wọn ṣe ìpinnu kankan mọ́, pàápàá ọ̀rọ̀ owó àti ìwé ilẹ̀. Ẹbí ti tìtorí irú èyí tú ká.

Ẹ máa fi ohun gidi bi wọ́n. Ife lọ́wọ́ kan, aṣọ lọ́wọ́ kejì, ẹ gbé wọn jìnnà síra, kí wọ́n fi ọwọ́ òsì tọ́ka. Ẹ pa rédíò. Ẹnìkan ló ń sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan, ìbéèrè kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka ení dé ẹ̀wá nínú ọkàn yín kẹ́ ẹ tó sọ nǹkan míì. Mẹ́wàá ń pẹ́ o. Lórí mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ wa ti ń tún ìbéèrè sọ, lórí márùn-ún a ti bá wọn dáhùn. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tún un sọ, wọ́n ní láti bẹ̀rẹ̀ wíwá ọ̀rọ̀ náà látìbẹ̀rẹ̀.

Orin, oríkì, àdúrà tí wọ́n mọ̀ sórí, kíka ení-èjì, orúkọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀: ìwọ̀nyí lè jáde lẹ́nu ẹni tí kò lè béèrè omi, torí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà nínú ọpọlọ yàtọ̀. Ẹ lò ó láti tú ẹnu, àmọ́ ẹ má wí pé "ṣebí wọ́n kọrin lánàá, wọ́n kàn ń ṣagídí ni".

Ohun kan wà tí èdè wa fi rọrùn: ohùn tó wà lórí ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ orin. "Mo fẹ́ mu omi": re-mí-re-re-re. Ẹ kọ́kọ́ fi imú kùn ún láìsí ọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ dì mọ́ ọwọ́ òsì wọn kẹ́ ẹ máa fi lu tábìlì, ìlù kan fún ohùn kan. Lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ẹ jọ kùn ún. Lẹ́yìn náà ẹ fi ọ̀rọ̀ sí i, kẹ́ ẹ máa rẹ ohùn tiyín sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gbólóhùn mẹ́ta péré fún ọ̀sẹ̀ kan, èyí tí wọ́n nílò gan-an: omi, ìtọ̀, ìrora. Kì í bá gbogbo ènìyàn ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ìmọ̀ ọ̀rọ̀ bá wà lọ́kàn tí ẹnu nìkan ń kọ̀, bí bàbá yín ṣe rí yìí, ó tó dán wò.

Àkànní_Òkè_Àdó
Ìbéèrè ìkẹyìn. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ ẹ̀kọ. Wọ́n ní "bẹ́ẹ̀ni", ọwọ́ òsì sì ń ti abọ́ náà kúrò. Èwo ni kí n gbà?

Olùkọ́_Ọ̀rọ̀
Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ gbà. Ẹ gbé abọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ wá bá wọn sọ ọ́ pẹ̀lẹ́: "Rárá. Ẹ ò fẹ́." Kẹ́ ẹ mi orí bẹ́ ẹ ṣe ń sọ ọ́, kí wọ́n rí ẹnu àti orí yín papọ̀. Kí wọ́n mọ̀ pé títì yẹn ṣiṣẹ́, pé ẹnìkan gbọ́ wọn. Ẹ má ní kí wọ́n tún "rárá" sọ lónìí. Tó bá di ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, ẹ padà wá pẹ̀lú ẹ̀kọ lọ́wọ́ kan àti mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ kejì.